Ta ló lẹ̀bi: ẹni tó polówó, ẹni tó ṣe fídíò, àbí YouTube tó gbowó?

Akọ̀wé_Peckham

Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ará ilé. Níbi iṣẹ́ mi nílùú London, ìpolówó orí fídíò là ń bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá rà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ń bi mí pé kí ló fa gbogbo ìṣọ́ra tí à ń ṣe kí ìpolówó má bàa bọ́ síbi tí kò yẹ. Wọ́n gbọ́ pé GARM, ẹgbẹ́ tí àwọn onípolówó dá sílẹ̀ lọ́dún 2019 láti máa rí sí i, ti kógbá wọlé lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí X ti Elon Musk gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n wá ní òṣèlú lásán ni gbogbo rẹ̀ látilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti 2017. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kejì ọdún náà, ìwé ìròyìn The Times níbí gbé e jáde pé ìpolówó Mercedes-Benz, ti ilé ìtajà Waitrose àti ti Marie Curie, àjọ aláàánú tó ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ò gbóògùn mọ́, ń jáde lórí fídíò àwọn alátìlẹ́yìn ISIS àti àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà lórí YouTube. Ẹ rò ó wò. Ìyá àgbà kan dá pọ́n-ùn márùn-ún fún ìtọ́jú aláìsàn, nínú rẹ̀ la ti yọ owó ìpolówó, ó sì ṣeé ṣe kí sísì kan dé ọwọ́ ẹni tó ń yin apànìyàn. Nígbà tó di oṣù Kẹta, wọ́n tún rí ìpolówó ìjọba Britain fúnra rẹ̀ lórí fídíò àwọn oníwàásù ìkórìíra. Ìjọba pe Google wá sọ tẹnu wọn, wọ́n sì dá ìpolówó tiwọn dúró. The Guardian, Havas, Marks & Spencer, HSBC àti L'Oréal ṣe bẹ́ẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, AT&T, Verizon àti Johnson & Johnson ti fà sẹ́yìn ní Amẹ́ríkà. Matt Brittin, ọ̀gá Google ní Yúróòpù nígbà náà, dúró níwájú àpéjọ àwọn onípolówó ní London, ó tọrọ àforíjì.

Èrò tèmi rèé. Ẹni tó ń gbowó ìṣọ̀ lọ́jà ò lè sọ pé òun ò mọ ohun tí wọ́n ń tà nínú ìṣọ̀. Lórí fídíò gígùn, YouTube ń mú 45 nínú gbogbo 100 owó ìpolówó, ẹni tó ni fídíò ń mú 55. Ẹni tó ń mú tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́jọ́. Kí lẹ rí sí i?

ỌmọẸlẹ́ran

Ta ló fipá mú Mercedes lọ polówó níbẹ̀? Wọ́n rí ibi tó pọ́ọ́kú, wọ́n sáré lọ. Nígbà tó bu wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní Google ló jẹ̀bi. Ẹ gbà mí o.

Lánre_Apolówó

@ỌmọẸlẹ́ran, ọ̀rọ̀ ẹ ò ṣeé kó dànù, ṣùgbọ́n kò rí bó o ṣe sọ ọ́ yẹn. Iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe l'Ékòó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ.

Ẹ tẹ fídíò kan. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fi yín ṣe gbàǹjo, gbàǹjo ọ̀hún sì ti parí. Ẹ̀rọ Google gbé yín síta: obìnrin ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, Ìbàdàn ló wà, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ ló ń wò láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rọ oníwàrà pe iye tiẹ̀, ti báńkì pe tiẹ̀, ti oníléèwé náà ò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá borí ló ni ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tẹ́ ẹ fi ń retí kí 'Skip' jáde. Nínú gbogbo èyí, fídíò tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ wò ò fi bẹ́ẹ̀ jámọ́ nǹkan. Ènìyàn la rà. Ibi tó bá wù ú kí ẹni ọ̀hún wà, ibẹ̀ ni ìpolówó ń bá a lọ. Láyé tẹlifíṣọ̀n, ètò la máa ń rà: a mọ̀ pé ìròyìn aago mẹ́sàn-án ni, a mọ ẹni tó ń kà á.

Oníbàárà wa kan tó ń ta wàrà ọmọdé pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, inú ń bí i débi pé kò kí mi. Ìyàwó ẹ̀ ló ya ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọmọ ọwọ́ ń rẹ́rìn-ín lókè, agolo wàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà ni wọ́n kọ àkọlé fídíò sí gàdàgbà: TÍRÉLÀ JÁ BỌ́ LÓRÍ AFÁRÁ, Ẹ WO ÒKÚ SÙÀ. Mo ṣí àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí ìpolówó yẹn ti jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ni. Ikanni orin ọmọdé, ikanni ìwàásù, ikanni bọ́ọ̀lù, àwọn ikanni tí orúkọ wọn ò ní ìtumọ̀ kankan. Mo wá ti tírélà kàn níkẹyìn. Owó tó bá ibẹ̀ lọ ò tó ra búrẹ́dì kan.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ nìyí: ọ̀gá ò bèèrè iye tí ẹni tó ń fòkú ṣe ìfihàn gbà. Àwòrán tí ìyàwó ẹ̀ rí ló ń jà á láyà, pé tó bá dé orí WhatsApp ńkọ́? Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn onípolówó ń pariwo ààbò, orúkọ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Ibi tí owó ń lọ, ìyẹn ò tíì di ìyọnu wọn.

ÌyáOnífíìmù

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni mo wà ní ìdí ibi tí ẹ̀yin ń sọ yìí, torí fíìmù Yorùbá ni mò ń gbé sórí ayélujára n'Íbàdàn. Àwọn olówó ń jà, ẹ wo ẹni tó fara gba ọgbẹ́.

Lẹ́yìn wàhálà 2017 yẹn, oṣù Kẹrin ọdún náà ni YouTube sọ pé ikanni tí wọn ò bá tíì wo fídíò ẹ̀ tó ìgbà 10,000 kò ní gba owó ìpolówó mọ́. Ká sọ pé ìyẹn dáa. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n tún gbé e lọ sókè: àfi kéèyàn ní 1,000 ènìyàn tó tẹ 'subscribe', kí wọ́n sì ti wo fídíò ẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2017, tí ariwo ẹ̀ gba gbogbo oṣù yẹn. Logan Paul, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń tẹ̀lé e jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lọ sí igbó kan ní Japan, ó ya òkú ẹni tó pa ara ẹ̀, ó gbé e síta. Ọ̀gbẹ́ni ńlá ló ṣe é. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ikanni olówó gọbọi tí wọ́n máa ń tà fún onípolówó ńláńlá, ó di oṣù tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó dá ìpolówó ẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún un. Àwa kéékèèké tí a ò mọ ọ̀nà igbó náà ni òfin tuntun gbé wálẹ̀.

YouTube fúnra wọn ló kọ ọ́ pé 99 nínú gbogbo 100 ẹni tí òfin náà kàn ni kì í rí tó 100 dọ́là lọ́dún. Wọ́n sọ ọ́ bíi pé kì í ṣe nǹkan kan. 100 dọ́là mélòó lẹ rò pé ọmọ tó ń fi fóònù ṣe àwàdà ní Ṣakí ń rí lọ́dún?

Èyí tó wá dùn mí jù: láti 2021, YouTube ti ń gbé ìpolówó sórí fídíò àwọn ikanni tí kò tíì wọ inú ètò ìpín owó. Wọn kì í sì í fún wọn ní kọ́bọ̀. Ikanni tí wọ́n ní kò tíì yẹ lẹ́ni tí ìpolówó ń bá ṣe ló wá yẹ nígbà tó jẹ́ pé wọ́n á dá owó náà jẹ.

Ọ̀dọ́_Òṣogbo

Màmá, ẹ ti sọ ọ́ tán. Mo dìde lórí àga.

Akọ̀wé_Peckham

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Mo fara mọ́ ti 2021 pátápátá, mi ò rí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ wa tó lè gbèjà ẹ̀ kí ojú má tì í.

Ti 2018 nìkan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Nígbà yẹn, fídíò tó tó wákàtí 400 ló ń wọlé sórí YouTube ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan o. Susan Wojcicki tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà ṣèlérí ní ìparí 2017 pé gbogbo òṣìṣẹ́ Google tó ń yẹ nǹkan wò á lé ní 10,000 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ kó ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ jọ, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn, wọn ò lè wò ó tán. Láìsí ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n á ti máa dá àwọn kan dúró, wọn ò bá dé ibì kankan. Ibi tí wọ́n fi ẹnu ọ̀nà sí ni mo gbà pé ó kù díẹ̀ káàtó: iye ènìyàn tó tẹ̀lé ọ ò fi hàn pé ọwọ́ ẹ mọ́.

ÌyáOnífíìmù

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ò wọlé o, ọmọ mi. Ta ló ní kí wọ́n máa gba wákàtí 400? Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò lè yẹ ẹrù wò, kó dín ẹrù kù.

ỌmọẸlẹ́ran

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni gbogbo yín ń sá fún. Alphabet tó ni Google ti kéde iye tí YouTube pa lórí ìpolówó. 2017, ọdún ìjà: bílíọ̀nù 8.15 dọ́là. 2018: bílíọ̀nù 11.16. 2019: bílíọ̀nù 15.15. Ìyanṣẹ́lódì wo lẹ ń sọ? Wọ́n bínú kúrò nídìí àsè, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n jókòó ti ọbẹ̀.

Lánre_Apolówó

Háà. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ìdí ẹ̀ rèé. Àwọn ilé ńlá tó lè yanṣẹ́ lódì kì í ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń polówó níbẹ̀. Ẹni tó ń ta bàtà, dókítà eyín, pásítọ̀ tó fẹ́ kéde ìsọjí, àwọn yẹn pọ̀ bí eṣú, wọn ò sì gbọ́ pé ìjà kankan wà. Àwọn ńlá náà kì í pẹ́ padà. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2017 kan náà, Mars, Adidas àti Deutsche Bank tún sá lọ nítorí ọ̀rọ̀ rírùn tí àwọn àgbàlagbà ń kọ sábẹ́ fídíò àwọn ọmọdé. Wọ́n padà. Lóṣù Kejì 2019, ọ̀rọ̀ kan náà tún jáde, Disney àti Nestlé lọ. YouTube wá ti ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fídíò tí ọmọdé wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn òbí ti ń ráhùn ṣáájú. Ìgbà tí Disney dúró ni ilẹ̀kùn tì.

Torí náà @ỌmọẸlẹ́ran, owó ò ṣẹ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tó tún mú wọn sáré rí.

Agbẹjọ́rò_Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá sí i, kóòtù ni mo ti ń bọ̀.

Akọ̀wé ní ẹni tó ń gbowó ìṣọ̀ ló yẹ kó jẹ́jọ́. Wọ́n ti gbé e dé iwájú adájọ́ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Nohemi Gonzalez, wà lára àwọn tí ISIS pa ní Paris lóṣù Kọkànlá ọdún 2015. Ẹbí ẹ̀ pe Google lẹ́jọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan nínú ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu: pé YouTube gbé ìpolówó sórí fídíò ISIS, ó sì ń pín owó ẹ̀ pẹ̀lú wọn. Òfin Amẹ́ríkà ti 1996 tí wọ́n ń pè ní Section 230 sọ pé ẹni tó ni ojú òpó kì í jẹ́bi ohun tí ẹlòmíì kọ síbẹ̀. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin yẹn ò bo Google níbi ọ̀rọ̀ owó pínpín, torí ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí ẹnìkan kọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹbí náà ò fi hàn bí owó yẹn ṣe jẹ́ ìrànwọ́ fún ìpànìyàn, ibẹ̀ ló kú sí. Apá yòókù dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n dá a padà lóṣù Karùn-ún ọdún 2023 láìfọwọ́ kan Section 230 rárá. Ẹ rí i pé ilẹ̀kùn owó yẹn ò tì gbọn-in. Kò sẹ́ni tó tíì gbà á wọlé ni.

Ní Yúróòpù, òfin tó ń darí àwọn ojú òpó ayélujára, tí wọ́n ń pè ní DSA, ti ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ojú òpó láti oṣù Kejì 2024. Ìtanràn ẹ̀ lè tó 6 nínú 100 gbogbo owó tó ń wọlé fún iléeṣẹ́ náà káàkiri ayé. Ìyẹn tóbi ju ìyanṣẹ́lódì kankan lọ.

Nílé wa, òfin 2022 ló wà, ti ARCON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìpolówó ní Nàìjíríà. Lóṣù Kẹwàá ọdún náà ni ARCON pe Meta lẹ́jọ́, ó ń bèèrè bílíọ̀nù 30 náírà, torí ìpolówó tí wọn ò kọ́kọ́ yẹ̀ wò ń jáde lórí Facebook àti Instagram. Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí i dáadáa: ohun tó wà nínú ìpolówó ni ARCON ń wò. Bí ìpolówó wàrà ti Lánre bá ti gbàwé àṣẹ, ojú ARCON ò dé ibi tó bá sọ̀ sí, òkú tírélà ni o, ìgbéyàwó ni o.

Lánre_Apolówó

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìwé àṣẹ pé, gbogbo ẹ̀ pé. Òkú ṣì wà nísàlẹ̀.

Ọ̀dọ́_Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Lánre, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn fi ọ̀rọ̀ dè é? Kí ẹ̀rọ má gbé ìpolówó síbi tó bá ti rí 'òkú', 'ẹ̀jẹ̀' tàbí 'ìbọn'.

Lánre_Apolówó

A ti ṣe é, àbúrò, gbogbo ayé ló ṣe é. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà dé, àwọn onípolówó kọ 'coronavirus' sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn ò fẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn tó ń sọ fún aráàlú bí wọn ò ṣe ní kú ni owó wọn já, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ka ìròyìn jù. Tó o bá ti 'òkú' mọ́ta, o ti ti gbogbo fíìmù Yorùbá tí bàbá kú nínú ẹ̀ kí ogún tó dìjà. Fíìmù mélòó ló kù?

ÌyáOnífíìmù

Kò sí. Ẹ jẹ́ ká pa ilé iṣẹ́ tì.

Àwàdà kọ́ o. Ojú òpó kan tí mi ò ní dárúkọ fi àmì aláwọ̀ yẹ́lò sí iṣẹ́ mi kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ìpolówó díẹ̀ ni wọ́n á gbé sí i. Ìran ibi tí bàbá ti ń súre fún àwọn ọmọ ẹ̀ lórí ibùsùn kó tó dákẹ́ ni mo rò pé wọ́n rí, wọn ò ṣáà sọ fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ènìyàn wò ó. Wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Fíìmù sì rèé, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni owó wà. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wò ó ti wò ó tán.

Lọ́jọ́ tí tèmi wà nínú àhámọ́ yẹn, ẹni tó ń ya òkú tírélà ń jẹun ẹ̀. Ó kọ 'òkú' sínú àkọlé ẹ̀ gàdàgbà, ẹ̀rọ ò sì gbá a mú.

Akọ̀wé_Peckham

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyẹn, ó sì mú mi padà sórí GARM. Ohun rere tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ ohun tí gbogbo wa ń pè ní ìkà sílẹ̀ ní èdè kan náà, kí onípolówó àti ojú òpó má máa sọ̀rọ̀ kọjá ara wọn. Wọ́n tún ya ìròyìn nípa nǹkan burúkú sọ́tọ̀ kúrò lára fífi nǹkan burúkú yangàn. X ní wọ́n lẹ̀dí àpò pọ̀ láti fowó dù wọ́n, wọ́n lọ sí kóòtù ní Texas. Àwọn tó dá GARM sílẹ̀ ní àwọn ò rú òfin kankan, pé ẹgbẹ́ kékeré ni àwọn, àwọn ò lówó ẹjọ́.

Musk kan náà yìí ló bọ́ sórí pèpéle ní New York lóṣù Kọkànlá 2023, lẹ́yìn tí IBM, Apple àti Disney dá ìpolówó dúró lórí X, tó bú àwọn onípolówó ní gbangba pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síwájú Ìyá wa. Kò tó ọdún kan, ó wá gbé àwọn onípolówó kan lọ sí kóòtù pé wọn ò padà wá. Ẹni tó bá lówó ẹ̀ lọ́wọ́ ló ni í. Mi ò gbà pé kéèyàn kọ̀ láti rajà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

ỌmọẸlẹ́ran

Tí gbogbo olówó bá jọ jókòó nínú yàrá kan, tí wọ́n jọ kọ̀, ìyẹn ti kúrò ní 'mi ò rà'. Ká sọ pé àwọn tó jókòó yẹn ní fíìmù Yorùbá ò dáa ńkọ́? Ta ni Ìyáa wa máa bá sọ ọ́?

Agbẹjọ́rò_Abẹ́òkúta

@ỌmọẸlẹ́ran, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo máa fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ láti ọdún tá a ti jọ wà níbí.

Lánre_Apolówó

Ohun tá a wá ń ṣe báyìí ni pé a kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dá rìn mọ́ fún oníbàárà tó bá ní ìtìjú. A kọ orúkọ àwọn ikanni tá a fọkàn tán sílẹ̀, àwọn nìkan ni ìpolówó ń lọ bá. Ó wọ́n ju gbàǹjo lọ, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ènìyàn púpọ̀. Oníwàrà yẹn gbà bẹ́ẹ̀, kò sì pè mí lálẹ́ mọ́.

ÌyáOnífíìmù

Ta ló ń kọ orúkọ ọ̀hún, Lánre?

Lánre_Apolówó

Àwọn ọmọ méjì kan ní ọ́fíìsì wa, mà. Wọ́n já fáfá.

ÌyáOnífíìmù

Wọ́n gbọ́ Yorùbá?

Lánre_Apolówó

Ọ̀kan ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kejì, rárá o, mà.

ỌmọẸlẹ́ran

😂😂😂

ÌyáOnífíìmù

Ẹ jẹ́ kí n wá jókòó tì wọ́n. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, mi ò ní gbowó. Ọjọ́ wo lẹ máa ráyè?

Lánre_Apolówó

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn aago méjì, mà. Màá fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ bá mi kó orúkọ àwọn ikanni tẹ́ ẹ mọ̀ dání, kì í ṣe tiyín nìkan o.